Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń rán fìlà, fọ́tò tí kò jọ ọjà ló ń dá ọjà padà

Ẹni tó bá lọ ra fìlà lọ́jà máa ń gbé e lé orí, á fọwọ́ pa á, á yí i sọ́tùn-ún sósì, á tún gbé e jáde síta kó lè rí àwọ̀ rẹ̀ dáadáa lójú oòrùn. Ẹni tó ń rà á lórí WhatsApp tàbí Instagram kò láǹfààní yẹn. Fọ́tò nìkan ló rí, ohun tí fọ́tò náà bá sì fi hàn án ló ń sanwó lé lórí. Bí fìlà bá wá dọ́wọ́ rẹ̀ tí kò jọ èyí tó rí, ìjà ló kù.

Wàhálà náà tún wá pọ̀ fáwọn tó ń ta fìlà, nítorí aṣọ ẹbí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń rà á. Bí ẹbí ìyàwó bá mú àwọ̀ ewé, tí fìlà tó jọ àwọ̀ ewé nínú fọ́tò wá dé lọ́jọ́bọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ búlúù, tí ìgbéyàwó sì jẹ́ Sátidé, ẹ̀bẹ̀ wo ni èèyàn fẹ́ bẹ̀? Ká ní N15,000 ni fìlà náà, tí owó tí wọ́n fi gbé e láti Èkó lọ sí Àbújá sì jẹ́ N4,000. Bí oníbàárà bá dá a padà, tó ní kí oníṣòwò san owó àlọ àti àbọ̀, N8,000 ti lọ nìyẹn, ọjà ò sì tíì tà. Ìdí nìyí tí fọ́tò fi jẹ́ ara owó tí èèyàn fi ń ṣòwò, kì í ṣe fáàrí.

Àwọ̀ ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Ohun tó sábà máa ń bà á jẹ́ ni kí iná oríṣi méjì pàdé lórí fìlà kan. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ní búlúù díẹ̀ nínú, gílóòbù pupa tó wà lókè àjà sì ní àwọ̀ ọsàn. Ojú èèyàn máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò mọ èyí tó máa gbà. Àlàárì tó pupa dáadáa á wá dà bí ọsàn, sányán á pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ, ẹtù tí aró mu dáadáa á sì dúdú kirikiri bí iná bá kéré. Ẹ pa gílóòbù kẹ́ ẹ lo ti fèrèsé, tàbí kẹ́ ẹ bo fèrèsé kẹ́ ẹ lo iná sítúdíò nìkan. Kẹ́ ẹ tún gbé pépà funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà nínú fọ́tò àkọ́kọ́. Onífọ́tò á fi pépà yẹn tún àwọ̀ gbogbo fọ́tò yòókù ṣe, nítorí ó ti mọ bó ṣe yẹ kí funfun rí. Fílítà inú fóònù tó ń mú ojú dán, ẹ má ṣe fi kan ọjà rárá.

Aṣọ kọ̀ọ̀kan ló tún ní bó ṣe ń gba iná. Damask máa ń dán, bí iná kékeré tó wà lórí kámẹ́rà bá sì bù ú lójú, àpá funfun lásán lèèyàn máa rí. Iná tó gbòòrò tó sì rọ̀ ló fẹ́, irú èyí tó gba inú agboorùn funfun kọjá. Ẹni tí kò ní agboorùn lè ta kọ́tìnnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sójú fèrèsé, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àrán ní tiẹ̀ ń gbé iná mì. Òun àti aṣọ òkè, ẹ̀gbẹ́ ni kí iná ti wá, nítorí bó bá ti iwájú wá, gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ tẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ ṣe lára fìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ. Owó iṣẹ́ yẹn sì lẹ̀ ń gbà!

Ní ti ìrísí, sísún mọ́ fìlà jù ni àṣìṣe àwọn tó ń lo fóònù. Bí fóònù bá sún mọ́ ọn gan-an, iwájú fìlà á wú, ẹ̀yìn á sún kì, etí abetí-ajá kan á sì tóbi ju èkejì lọ. Ẹ sún sẹ́yìn tó mítà méjì, kẹ́ ẹ wá fi fóònù fa á súnmọ́ ní ìlọ́po méjì. Àwọn tó ní kámẹ́rà ńlá sábà máa ń lo lẹ́ǹsì 85mm fún irú iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá ń ya gọ̀bì, ẹ tún un tẹ̀ kó tó di pé ẹ ya òmíràn, nítorí kì í pẹ́ tó fi ń wó. Akẹtẹ̀ máa ń ṣíji bo ojú ẹni tó dé e. Páálí funfun tí wọ́n gbé sábẹ́ àgbọ̀n ẹni náà á dá ìmọ́lẹ̀ padà sójú rẹ̀.

Ìwà kan wà tí kò dáa. Àwọn kan máa ń fi fìlà íǹṣì 23 dé ẹni tí orí rẹ̀ jẹ́ 22, wọ́n á wá fi píìnì so ẹ̀yìn kó lè bá a mu. Ẹ wá ẹni tí orí rẹ̀ bá fìlà mu, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò kan tó fi téèpù télọ̀ hàn nínú fìlà. Iwájú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ̀yìn àti inú ló yẹ kí oníbàárà rí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ kì í wò rárá ni ìwé àdéhùn. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Copyright Act 2022, onífọ́tò tẹ́ ẹ gbà síṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ẹ̀tọ́ lórí fọ́tò náà, àfi bí ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiyín ni. Owó tẹ́ ẹ san nìkan kò gbé ẹ̀tọ́ náà fún yín. Torí náà, kó tó di pé ẹnikẹ́ni tan iná sítúdíò, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i: ta ló ni fọ́tò, ibo lẹ máa lò ó sí, ṣé onífọ́tò lè tà á fún oníṣòwò mìíràn, ọjọ́ wo ló máa kó gbogbo rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Kí ẹni tó dé fìlà náà fọwọ́ sí tiẹ̀ lọ́tọ̀ pé òun gbà kí wọ́n fi ojú òun polówó ọjà.