Ìkórè Tí Kò Ní Àtíbàbà

Láti oṣù Kẹfà títí di àárín oṣù Kẹsàn-án, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ ní Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù. Ojú ọ̀run á ṣú, oòrùn á fara pamọ́, àlejò tí kò mọ ìlú náà á ti máa sáré kó aṣọ tó sá, síbẹ̀ ẹ̀kán omi kan kò ní já sílẹ̀. Ìgbà tí oṣù Kẹsàn-án bá ń parí lọ ni òjò á tó dé, àrọ̀ọ̀rọ̀dá á sì bẹ̀rẹ̀. Àkókò yìí gan-an ni àjọ àgọ́ àwọn Júù ń bọ́ sí, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún nínú oṣù tí wọ́n ń pè ní Tíṣírì, tó máa ń já sí ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí inú oṣù Kẹwàá. Ní Jerúsálẹ́mù náà, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń lọ nígbà yẹn, òjò ni wọ́n ń retí. Ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ńkọ́? Iṣu tuntun ti di ohun àná, òjò sì ti ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù Kẹta tàbí Kẹrin. Bí a bá ní ká wo ojú ọjọ́ nìkan, ọmọ Yorùbá tàbí ọmọ Nàgó tó ń tajà ní ọjà Mont-Bouët ní Libreville sún mọ́ ohun tí ìwé Léfítíkù ń wí ju ẹni tó jókòó sílé lọ. Síbẹ̀, bí Kristẹni kan bá ní òun fẹ́ ṣe àjọ àgọ́, ohun tí àwọn àgbà ìjọ máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé: ṣé o ti di Júù ni?

Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó bi í. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí àjọ̀dún Júù wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa, kó má wulẹ̀ lọ wo àwọn ìjọ ìwòyí tí ń fun ìwo àgbò. Ìkórè ni kó lọ wò. Ní ọdún 1843, àlùfáà Áńgílíkà kan, Robert Hawker, ní abúlé Morwenstow ní Cornwall, jí àṣà àtijọ́ kan dìde nígbà tó pe ìjọ rẹ̀ wá dúpẹ́ irè oko ní Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹwàá. Ọdún kan náà ni míṣọ́nnárì Henry Townsend kọ́kọ́ fojú kan Abẹ́òkúta. Ìsìn ọpẹ́ yìí tàn ká ìjọ Áńgílíkà, ó bá ọkọ̀ òkun dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ tí a sì fún un ni orúkọ tí Bíbélì Yorùbá fún àjọ tí Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì. Ẹ ṣí Ẹ́kísódù orí 23, ẹ óò bá àjọ ìkórè níbẹ̀, èyí tó jẹ́ ti àkọ́so àti èyí tó jẹ́ ti ìparí ọdún. Èyí ìparí ọdún yẹn ni àjọ àgọ́. Kristẹni tó ń ṣe Ìkórè lọ́dọọdún, tó wá ń bú ẹni tó ń ṣe àjọ àgọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló fi ń bú ara rẹ̀. Ohun tí èmi ń wí kò ju èyí lọ: ẹni tó yan àjọ àgọ́ kò gbé ohun àjèjì wọlé, ìdajì tí ó sọ nù lára ohun tó wà nílé tẹ́lẹ̀ ló lọ wá.

Èdè gan-an ń jẹ́rìí sí i. Faransé ni wọ́n ń sọ ní Libreville, Pâques sì ni wọ́n ń pe ọdún Àjíǹde. Orúkọ yẹn kò jẹ́ nǹkan mìíràn bí kò ṣe Pésákì, Ìrékọjá ní èdè Hébérù, tó gba inú èdè Gíríìkì àti Látìnì kọjá. Àwa Yorùbá ní tiwa fi àjíǹde bo ojú rẹ̀. Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ àádọ́ta lẹ́yìn Ìrékọjá, àjọ ọ̀sẹ̀ ni kí iná tó bà lé orí àwọn àpọ́sítélì. Imọ̀ ọ̀pẹ tí àwọn ọmọdé ń jù ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, pẹ̀lú igbe Hòsánnà, inú àjọ àgọ́ ni àwọn Júù ti ń lo méjèèjì pa pọ̀.

Ìjà tí wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ yìí sì pẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 155, Polycarp, bíṣọ́ọ̀bù Símínà, arúgbó kùjọ́kùjọ́, wọ Róòmù lọ bá Anicetus tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Nísàn, ọjọ́ tí àwọn Júù ń pa ọ̀dọ́ àgùntàn, ni ìjọ Éṣíà Kékeré fi ń ṣe Ìrékọjá tiwọn, ọjọ́ yòówù kó bọ́ sí láàárín ọ̀sẹ̀; Polycarp ní ọ̀dọ̀ àpọ́sítélì Jòhánù ni àwọn ti gbà á. Róòmù ní Ọjọ́ Ìsinmi ni tàwọn. Wọ́n sọ ọ́ títí, ẹnì kan kò yí ẹnì kejì lọ́kàn padà. Kí ni wọ́n wá ṣe? Anicetus yọ̀ǹda pẹpẹ fún àlejò rẹ̀ kó ṣe oúnjẹ Olúwa, wọ́n sì túká ní àlàáfíà. Ìwà àgbà nìyẹn. Kò ju bí ogójì ọdún lọ lẹ́yìn náà tí Victor gorí àga Róòmù, ẹni tí ìtàn sọ pé ọmọ Áfíríkà ni, tó ní òun yóò yọ gbogbo ìjọ Éṣíà kúrò nínú ìdàpọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ọjọ́ yìí. Polycrates ti Éfésù kọ̀wé sí i pé ìbátan òun méje ló ti jẹ bíṣọ́ọ̀bù ṣáájú òun, àti pé ẹ̀rù kankan kò ba òun. Irenaeus láti Lyon ló wá pẹ̀tù sí i, ó rán Victor létí ohun tí Anicetus ṣe. Ó di ọdún 325, ní Níséà, kí wọ́n tó fẹnu kò pé Ọjọ́ Ìsinmi ni gbogbo ìjọ yóò máa lò, olú-ọba Constantine sì kọ lẹ́tà pé kò yẹ kí Kristẹni máa tẹ̀lé ìṣirò àwọn Júù. Ẹni tó bá ka lẹ́tà yẹn lónìí yóò rí i pé ìkórìíra pọ̀ nínú rẹ̀ ju Ìwé Mímọ́ lọ.

Àṣẹ olú-ọba kò sì mú un lẹ̀. Ní Áńtíókù, ní ọdún 386 àti 387, John Chrysostom wàásù mẹ́jọ gbáko lòdì sí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tí ń lọ sí sínágọ́gù nígbà àjọ ìpè, àwẹ̀ àti àgọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ sí àwọn Júù burú débi pé àwọn ọ̀tá wọn lò ó fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tó ṣe pàtàkì síbí ni pé ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Níséà, àwọn Kristẹni lásán ṣì ń lọ, láìsí ẹni tó fi ipá mú wọn. Kì í ṣe àṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Wọn yóò ní, Pọ́ọ̀lù ńkọ́? Ìwé Kólósè orí 2 ni wọ́n máa ń fà yọ, pé òjìji lásán ni ọjọ́ àsè àti oṣù tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n kà á dáadáa: ohun tó wí ni pé kí ẹnikẹ́ni má dá ẹlòmíràn lẹ́jọ́ lórí àsè. Ọ̀bẹ olójú méjì ni, ó ń gé ẹni tó fẹ́ fi dandan mú wa ṣe é, ó sì ń gé ẹni tó fẹ́ dá a dúró. Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, nínú Ìṣe orí 20, sáré kó lè bá Pẹ́ńtíkọ́sì ní Jerúsálẹ́mù. Ní ti àwọn tó ní kò sí ọjọ́ mímọ́ kankan, kí wọ́n rántí pé àwọn Púrítánì ní Massachusetts ṣe òfin ní 1659 pé ẹni tó bá ṣe Kérésìmesì yóò san owó ìtanràn ṣílè márùn-ún. Boston, olú ìlú ibẹ̀, ni ìgbìmọ̀ kan ti rán àwọn míṣọ́nnárì Amẹ́ríkà wá sí Baraka, létí omi Gàbọ́ọ̀nù, ní 1842. Lónìí, ṣé ìlú kan wà tí ń ṣe Kérésìmesì tó Libreville?

Àtakò tó wúwo jù wá láti ọ̀dọ̀ àwọn Júù fúnra wọn, n kò sì ní fi ẹ̀rín bò ó. Kristẹni tó tẹ́ tábìlì Ìrékọjá pẹ̀lú ife mẹ́rin, tó ní bí Jésù ṣe ṣe é gẹ́lẹ́ nìyí, ó ṣìnà: lẹ́yìn tí Róòmù wó tẹ́ḿpìlì ní ọdún 70 ni àwọn rábì to ètò yẹn bó ṣe wà, ohun ìrántí ilé wọn ni. Ti àjọ àgọ́ yàtọ̀. Nínú Númérì orí 29, màlúù 13 ni wọ́n ń rú ní ọjọ́ kìíní, ó ń dín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi di 7 ní ọjọ́ keje, àpapọ̀ rẹ̀ 70. Àwọn rábì ní nítorí àádọ́rin orílẹ̀-èdè ayé ni. Sekaráyà orí 14 tún ní orílẹ̀-èdè gbogbo yóò gòkè wá ṣe é, èyí tí kò bá wá kò ní rí òjò. Ẹsẹ yẹn ni ẹgbẹ́ International Christian Embassy Jerusalem, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, fi ń pe Kristẹni àgbáyé lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 2007, àwọn olórí rábì Ísírẹ́lì kìlọ̀ fún àwọn Júù pé kí wọ́n má bá wọn dá sí i. Ẹ̀rù kí àwọn Kristẹni má baà yí àwọn Júù lẹ́sìn padà ló ń bà wọ́n, ẹ̀rù náà sì ní ìdí. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é ṣe é nínú àgbàlá tirẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ àgbàlá yẹn ni Ìkórè wa ti gbàgbé. Kò sí Yorùbá tí wọ́n ní láti ṣàlàyé àgọ́ fún: ahéré ni, ibi tí àgbẹ̀ ń sùn nígbà tí irè bá tó kó, bí ọdún ìbílẹ̀ bá sì dé, a ń fi màrìwò pa àtíbàbà. Míṣọ́nnárì mú ọpẹ́ wá, ó fi òrùlé sílẹ̀. Lónìí, alága ọjọ́ náà, aṣọ ẹgbẹ́ àti àpòòwé ló kù, iṣu bíi mẹ́ta tí wọ́n rà lọ́jà sì wà níwájú pẹpẹ. Ní Libreville ó tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀pọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tòmátì ìlú náà, Kamẹrúùnù ni wọ́n ti ń kó o wá. Irè ta ni wọ́n ń kó?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé apá kejì àjọ náà, ìrántí ìrìn àjò Ísírẹ́lì nínú aginjù, ló bá ìlú yìí mu jù. Àwọn ẹrú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ̀ Elizia ni wọ́n fi tẹ ibẹ̀ dó ní 1849, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ ìlú òmìnira. Ìlú òmìnira yìí kan náà lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará Benin jáde ní 1978. Ìjọ Mímọ́ ti Kristi láti Ọ̀run Wá, tó ti Porto-Novo tàn dé Libreville, ka 29 oṣù Kẹsàn-án 1947 sí ọjọ́ tí Oshoffa dá a sílẹ̀. Ọjọ́ Máíkẹ́lì mímọ́ ni, kò sì yani lẹ́nu nínú ìjọ tó ń bọ̀wọ̀ fún Máíkẹ́lì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fi oṣù àwọn Júù ṣírò rẹ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún Tíṣírì ni, ọjọ́ kìíní àjọ àgọ́. N kò ní pè é ní ẹ̀rí. Kàlẹ́ńdà a máa ṣe kòńgẹ́ ara wọn.

Ìṣòro kan ṣoṣo ló kù, òjò yẹn náà ni. Òfin àwọn rábì ní ohun tó hù láti inú ilẹ̀ ni kí wọ́n fi bo àgọ́, kí ìràwọ̀ sì máa yọ láàárín rẹ̀. Màrìwò kì í sì í gba òjò Gàbọ́ọ̀nù dúró. Wọ́n ti rò ó tẹ́lẹ̀ ṣá: bí òjò bá pọ̀ débi tí yóò fi ba oúnjẹ inú àwo jẹ́, kí wọ́n gbé e wọlé.