Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Kọ Sórí Fóònù Lọ́jọ́ Sátidé: Ṣé Ilé-Ìwé Lè Fìyà Rẹ̀ Jẹ Ẹ́?



Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nílé, mo bú ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní ọjà lọ́jọ́ Sátidé kan. Mi ò mọ̀ pé tíṣà wa wà lẹ́yìn mi níbi tó ti ń ra ata. Kò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí gbogbo wa tò sórí ìlà, ó pè mí jáde, ó ní kí n tún ohun tí mo wí fún ìyá ẹlẹ́kọ sọ kí gbogbo ilé-ìwé gbọ́. Ẹgba mẹ́fà ni wọ́n nà mí. Nígbà tí bàbá mi gbọ́, iṣu méjì ló gbé, ó lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ọjà wà lábẹ́ àṣẹ ilé-ìwé. Ojú mẹ́rin ló ń bí ọmọ, igba ojú ló ń wò ó. Ojú tíṣà sì wà nínú igba náà.

Ọ̀rọ̀ yìí padà sí mi lọ́kàn lẹ́nu àìpẹ́ yìí, nígbà tí àwa òbí kan ń dúró de àwọn ọmọ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ìyá kan ròyìn pé ilé-ìwé ọmọ òun pe òun torí ohun tí ọmọ náà kọ nípa olùkọ́ rẹ̀ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Àwọn kan ní, “Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá a wí dáadáa.” Àwọn mìíràn ní, “Kí ló kan ilé-ìwé nínú ohun tí ọmọ mi ṣe nínú ilé mi?” Mo ní kí n wo ohun tí òfin wí.

Ẹjọ́ tí gbogbo ilé-ìwé Amẹ́ríkà ń tọ́ka sí báyìí bẹ̀rẹ̀ ní Mahanoy City, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017. Ọmọbìnrin kan tí ìwé ẹjọ́ pè ní B.L. wà ní ọdún kìíní ilé-ìwé gíga. Ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àgbà àwọn cheerleader, àwọn tó máa ń jó tí wọ́n máa ń pariwo ìwúrí fún àwọn eléré ìdárayá. Wọ́n ní kó ṣì wà nínú ẹgbẹ́ àwọn kékeré fún ọdún kan sí i. Ohun tó dùn ún jù ni pé ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ wọ ilé-ìwé náà ríbi wọ ẹgbẹ́ àgbà. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Cocoa Hut. Wọ́n na ìka àárín sókè, wọ́n ya fọ́tò, ó sì gbé e sórí Snapchat pẹ̀lú èébú tí mi ò lè kọ síbí. Ó fi ilé-ìwé bú, ó fi ẹgbẹ́ bú, ó fi gbogbo nǹkan bú. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni láti bú u.

Àwọn ọ̀rẹ́ tó lè rí i lórí Snapchat tó 250. Ẹ̀yin ọmọ wa mọ̀ pé irú àwòrán bẹ́ẹ̀ máa ń pa rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fi fóònù mìíràn yà á, ó sì fi han àwọn ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́. Ó dé ọ̀dọ̀ àwọn olùdarí ẹgbẹ́. B.L. bẹ̀bẹ̀, wọn ò gbà. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ fún ọdún kan gbáko. Àwọn òbí rẹ̀ gbé ilé-ìwé lọ sí kóòtù, ọ̀rọ̀ náà sì dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà ọdún 2021, adájọ́ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án dá ọmọ náà láre. Adájọ́ Stephen Breyer ló kọ ìdájọ́ náà. Ó ní tí ọmọ bá ti kúrò ní ilé-ìwé, abẹ́ òbí ló wà, kì í ṣe abẹ́ olùkọ́. Ó ní bí ilé-ìwé bá ń ṣọ́ ohun tí ọmọ sọ nínú kíláàsì, tó tún ń ṣọ́ èyí tó sọ lóde, a jẹ́ pé kò sí wákàtí kan nínú ọjọ́ tí ọmọ náà lè la ẹnu rẹ̀. Ó tún ní ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ló yẹ kó dáàbò bo èrò tí àwọn ènìyàn ò fẹ́ gbọ́. Adájọ́ Clarence Thomas nìkan ló yapa. Ó ní láti ayébáyé ni ilé-ìwé Amẹ́ríkà ti máa ń bá ọmọ wí fún ọ̀rọ̀ tó sọ lóde tó bá lè ṣàkóbá fún ilé-ìwé. Bí bàbá mi bá jẹ́ adájọ́, ẹ̀gbẹ́ Thomas ni ì bá jókòó sí!

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má tíì jó. Ìdájọ́ yẹn kò sọ pé ilé-ìwé kò lágbára kankan lóde. Láti ọdún 1969, nígbà tí àwọn ọmọ kan ní Des Moines, ìpínlẹ̀ Iowa, borí nínú ẹjọ́ aṣọ dúdú tí wọ́n so mọ́ apá láti tako ogun Vietnam, ohun tí kóòtù ń wò ni bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ da iṣẹ́ ilé-ìwé rú ní tòótọ́. Ní ti B.L., àríyànjiyàn ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá nínú kíláàsì Algebra fún ọjọ́ bíi mélòó kan ni gbogbo ìdàrúdàpọ̀ tí wọ́n rí tọ́ka sí. Adájọ́ Breyer fúnra rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ yàtọ̀ tó bá jẹ́ pé ọmọ ń fòòró ẹlòmíràn gidigidi, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ olùkọ́ tàbí akẹ́kọ̀ọ́.

Níbí ni òfin Illinois ti wọlé. Láti ọdún 2015, òfin ìfòòró ọmọlẹ́yìn ti ìpínlẹ̀ wa kan ohun tí ọmọ fi fóònù tirẹ̀ ṣe nínú yàrá tirẹ̀, bí ìfòòró náà bá da iṣẹ́ ilé-ìwé rú, tí ẹnì kan sì fi tó olùkọ́ tàbí ọ̀gá ilé-ìwé létí. Kò ní kí ilé-ìwé máa ṣọ́ fóònù ọmọ kiri. Ìwé òfin ìwà ti àwọn ilé-ìwé ìjọba Chicago náà pín ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹgbẹ́ mẹ́fà. Àwọn ẹgbẹ́ tó wúwo jù ló lè tẹ̀lé ọmọ jáde dé orí ayélujára.

Ìhalẹ̀ ni kí ẹ̀yin ọmọ fi ọkàn sí jù. “Mo kàn ń ṣeré ni” kì í gba ènìyàn. Òfin ìpínlẹ̀ yìí ka ìhalẹ̀ láti ṣe àwọn tó wà ní ilé-ìwé léṣe sí ọ̀ràn ńlá, ìbáà ṣe àsìkò ìsinmi ni wọ́n kọ ọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé kọ́ ló máa dá irú ẹjọ́ yẹn. Ọlọ́pàá ló máa kan ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá pè yín, ẹ má fi ìbẹ̀rù tàbí ìbínú lọ. Ẹ ní kí wọ́n fi ohun tí ọmọ kọ hàn yín. Ẹ béèrè òfin ilé-ìwé tó rú, kí ẹ sì béèrè ohun tó dàrú ní ilé-ìwé nítorí rẹ̀. Wọn ò gbọ́dọ̀ gba pásíwọ́ọ̀dù ọmọ. Òfin Illinois kọ̀ ọ́. Ohun tí wọ́n lè ní kó fi hàn ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Bí ilé-ìwé ìjọba bá ní kí ọmọ lọ jókòó sílé, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún yín, ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ilé ni èmi ò ní jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yọ sílẹ̀ ní tèmi o: ọmọ mi máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olùkọ́ náà kí n tó jiyàn òfin pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ tí mo ń sọ yìí, ilé-ìwé ìjọba ló dè. Ilé-ìwé aládàáni, títí kan ti àwọn ìjọ Kátólíìkì tí púpọ̀ nínú wa fi ọmọ sí, lè ṣe òfin tirẹ̀. Ìwé tí ẹ fọwọ́ sí nígbà tí ọmọ wọlé ni kí ẹ lọ tún kà.

Ilé-ìwé òpin ọ̀sẹ̀ tiwa yìí náà kì í ṣe ti ìjọba. Àwọn ọmọ wa ní ẹgbẹ́ WhatsApp tiwọn, a sì mọ̀ pé kì í ṣe àlọ́ nìkan ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Kò tíì sí ìlà kan nínú ìlànà wa tó sọ ohun tí a ó ṣe bí ọ̀kan bá fi èkejì ṣẹ̀sín níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. A ó jókòó lé e ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó ń bọ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì àgbà ti ní àwọn fẹ́ wá sọ tẹnu àwọn. Ẹ jẹ́ ká fi àga iwájú sílẹ̀ fún wọn.