Ọ̀nà tí kì í tán nínú Bitsy
Bitsy, iṣẹ́ ọwọ́ Adam Le Doux, wà fún ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù kékeré láìkọ kóòdù. Yàrá kọ̀ọ̀kan pín sí ojú ilé kéékèèké, 16 ní ìbú, 16 ní òró. Ká ní àdúgbò tóóró bíi Bẹ́yẹrúnkà ní Ìbàdàn lẹni náà yà: ẹnu ọ̀nà yóò wà létí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ojú ilé kan péré ni ẹnu ọ̀nà ń gbà, nítorí náà títì fífẹ̀ yóò fi iṣẹ́ kún iṣẹ́. Mẹ́ta nínú ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà yóò gbé aṣeré padà sí etí òdìkejì yàrá kan náà, bíi pé ó ń lọ síwájú; ọ̀kan yòókù ló já sí yàrá kejì, tó jọ ti àkọ́kọ́ gẹ́lẹ́. Bó bá ṣìnà níbẹ̀, ó di ìbẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ṣìnà, Gbọ̀ngàn Mápó ti Ìbàdàn yọ. Géèmù The Legend of Zelda ti lo irú ọgbọ́n yìí ní 1986.