Ìlẹ̀kẹ̀ Ilé-Iṣẹ́ Kì Í Ṣe Ti Ọ̀gá

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà nínú ilé ẹni, nítorí ẹni tí ó ni ìlẹ̀kẹ̀ ni ó ń pín in. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá gbé òwe yìí lọ sí ibi iṣẹ́, ó yẹ kí a bi í léèrè: ta ni ó ni ìlẹ̀kẹ̀?

Mo ti bá akọ̀wé àgbà kan ṣiṣẹ́ rí ní ilé ìkẹ́rùsí kan. Ọdún 18 ni ó ti lò nídìí ìwé ọjà, àpò kan ṣoṣo kò sì sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àyè olórí akọ̀wé ṣí sílẹ̀, àbúrò ìyàwó ọ̀gá ni a fi síbẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí bàbá yìí fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ti í fa ìlà sínú ìwé. Bàbá kò jà, kò sì ráhùn. Iṣẹ́ tí a bá rán an nìkan ni ó ń jẹ́; bí ó bá rí àṣìṣe, a máa fojú fò ó dá. Kí ọdún tó yí po, iye ẹrù inú ìwé àti iye ẹrù inú ilé kò bá ara wọn mu mọ́. Ta ni a wá pè pé kí ó wí tẹnu rẹ̀? Bàbá náà ni.

Ẹnì kan lè dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í dákẹ́. Nígbà ogun Hitler, ọjà gbówó lórí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi kún owó ìrànwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ funfun, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti ti ẹ̀ka ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ìgbìmọ̀ Tudor Davies wádìí ọ̀ràn náà, wọ́n sì dá a lábàá pé kí a fi ìdajì kún owó ìrànwọ́ náà.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ kọ òfin ìgbéga sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè kà á. Bí ọmọ yín bá yẹ, òfin náà ni yóò gbé e ga, ẹnikẹ́ni kò sì ní yọ ṣùtì sí i. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ fi ọjà yín sí ìkáwọ́ ọ̀gá, ẹ máa bojú wẹ̀yìn: owó yín ni ìlẹ̀kẹ̀ náà.