Òórùn Tí Ń Pa Ọmọ: Ìkìlọ̀ fún Àwọn Òbí àti Olùkọ́

Ohun tí ènìyàn ń lò lójoojúmọ́ kì í bà á lẹ́rù. Àgbẹ̀ Osi tàbí ti Iloffa a máa tọ́jú bẹntiróòlù sínú kẹ́ẹ̀gì nítorí alùpùpù àti jẹnẹrétọ̀. Ẹni tí ń lẹ táyà a ní sọlúṣọ̀n, ẹni tí ń rán bàtà a sì ní gọ́ọ̀mù. Ohun rere ni wọ́n nínú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mìíràn a máa fa òórùn wọn símú kí ojú wọn lè máa pòòyì. Àwọn ọmọ tí kò nílé ní ìlú ńláńlá òkè Ọya mọ àṣà yìí dáadáa. Ṣólíṣò ni wọ́n ń pe sọlúṣọ̀n níbẹ̀.

Bí òórùn náà bá ti wọ ẹ̀dọ̀fóró, kíákíá ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé e dé ọpọlọ. Orí a fúyẹ́, ahọ́n a lọ́, ọmọ a sì máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ọ̀mùtí. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di bárakú, ìrántí rẹ̀ a dín, ọwọ́ rẹ̀ a máa gbọ̀n, kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ rẹ̀ a sì bàjẹ́.

Síbẹ̀, ewu tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé fífà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè pa ènìyàn. Ní 1970, oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, Millard Bass, kọ ìròyìn nípa 110 ọ̀dọ́ tí wọ́n kú lójijì lọ́nà báyìí ní ilẹ̀ náà. Òórùn náà a máa sọ ọkàn di ẹlẹgẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, bí ẹ̀rù bá ba ẹni náà tàbí bí ó bá sáré, lílù ọkàn rẹ̀ a dàrú, a sì dákẹ́.

Ẹ kíyè sí èyí, ẹ̀yin òbí. Bàbá tí ó bá ọmọ rẹ̀ nídìí kẹ́ẹ̀gì, tí ó fa pàṣán yọ, tí ó sì lé e, lè ṣe bẹ́ẹ̀ lé e bá ikú. Kí ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ pè é, kí ó gba nǹkan náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó mú un jókòó sí ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kí ó sì dúró tì í. Iná kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibẹ̀. Bí ọmọ náà bá dákú ṣùgbọ́n tí ó ń mí, kí a fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dùbúlẹ̀, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìjáfara. Bí ó bá gbé bẹntiróòlù mì, kí a má ṣe fún un ní epo pupa mu, kí a má sì mú kí ó bì. Bí èébì bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ewu a di méjì.

Àwọn àgbà ní, bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Nínú ọ̀ràn yìí, ọ̀tún ni kí ó ṣáájú. Nígbà tí ojú ọmọ bá wálẹ̀, nígbà náà ni kí a wádìí ẹni tí ó kọ́ ọ àti ohun tí ó lé e débẹ̀, kí a bá a wí, kí a sì ti ilẹ̀kùn mọ́ kẹ́ẹ̀gì.