Àpá Lára Òpó Ilẹ̀kùn: Bí Ọdún Àṣà Júù Ṣe Bẹ̀rẹ̀ ní Kraków

Bàbá kan ládùúgbò wa kàwé ní Kraków, lórílẹ̀-èdè Pólándì, nígbà ìjọba Kọ́múnísì. Mo sọ fún wọn pé mo rí èrò lórí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n ń jó sí orin Júù ní Kazimierz, àdúgbò kan níbẹ̀. Bàbá mirí. Wọ́n ní láyé tiwọn, ilé ahẹrẹpẹ ló kún Kazimierz, bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ẹsẹ̀ kì í gbabẹ̀. Wọ́n wá bi mí pé ta ló ń ṣọdún, nígbà tí onílé ò sí nílé?

Ọba Casimir ló tẹ Kazimierz dó ní 1335, àwọn Júù gbébẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, kí Násì tó run èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Júù Kraków, tí wọ́n lé ní 60,000.

Ọ̀rọ̀ àgbà ló bí ọdún àṣà Júù tí mo wò yẹn. Janusz Makuch, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, kì í ṣe Júù. Nígbà tó ṣì kéré ní ìlú Puławy, àgbà kan sọ fún un pé kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, Júù tó ìdajì ará ìlú wọn. Ẹnu yà á. Láti ìgbà tó ti ń rìn láwọn òpópónà yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1988, òun àti Krzysztof Gierat gbé ọdún kékeré kan kalẹ̀ ní Kraków. Nígbà tó yá, ó di ohun tó ń lé ní ọ̀sẹ̀ kan; orin ń dún nínú sínágọ́gù Tempel, èrò sì ń kún òpópónà Szeroka.

Àwọn kan ń bínú pé ẹni tí kì í ṣọmọ bàbá ló ń ṣọdún bàbá. Àwọn kan ní ó sàn ju ìgbàgbé lọ. Ti àwọn wọ̀nyí ni mo gbè sí. Ohun tó dùn mí ni ère Júù tó mówó dání, tí wọ́n ń tà níbẹ̀, táwọn kan ń gbé sílé kí owó lè wọlé. Aládùúgbò ẹni kì í ṣe oògùn owó.

Bàbá dákẹ́ títí. Wọ́n ní lára òpó ilẹ̀kùn ilé táwọn gbé, lápá ọ̀tún, àpá kan wà tó dagun, tó gùn bí ìka ọwọ́. Mo ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi táwọn Júù ń kan ọ̀rọ̀ Ìwé Mímọ́ mọ́. Wọ́n ní ojoojúmọ́ làwọn ń fọwọ́ kàn án, àwọn rò pé káfíńtà ló ṣìṣe. Àwọn ò bi ẹnikẹ́ni.