Yíyan Yanrìn fún Àpótí Iyùn tí a fẹ́ Tún Bẹ̀rẹ̀

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣàlàyé ọ̀ràn kan tí ó kéré lójú, ṣùgbọ́n tí ẹ̀mí púpọ̀ rọ̀ mọ́. Ọ̀ràn náà ni irú yanrìn tí ó yẹ kí ènìyàn tẹ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí gíláàsì tí a fi ń sin iyùn àti ẹja òkun, nígbà tí gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ bá ti kú, tí ẹni tí ó ni ín sì fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ilé àwọn ènìyàn ní Amẹ́ríkà, ní Jámánì àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Omi oníyọ̀ ni wọ́n ń rọ sí i. Iyọ̀ inú rẹ̀ tó gíráàmù 35 nínú kìló omi kan, ìgbóná rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius.

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a sọ ohun tí a ń pè ní iyùn. Bí olùkọ́ bá dárúkọ iyùn ní kíláàsì, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn ọba àti ti ìyàwó ni ó máa ń wá sí ọkàn àwọn ọmọ. Wọn kò jẹ̀bi, nítorí pé egungun ẹran omi kan ni a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà, iyùn pupa inú Òkun Mẹditaréníà tí àwọn Potogí ń kó wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa láyé àtijọ́. Ìbátan rẹ̀ ni iyùn tí à ń wí níhìn-ín. Ẹ̀dá kékeré ni, tí àwọn ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹnu rẹ̀ ká. Ó ń fa kálísíọ́ọ̀mù láti inú omi, ó sì ń fi í kọ́ ilé tí ó le bí òkúta. Nígbà tí àìmọye wọn bá kọ́lé lé orí ara wọn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, ilé náà a di òkìtì ńlá lábẹ́ òkun. Àfarawé irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni àpótí iyùn jẹ́.

A mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà, yanrìn. Iyẹ̀pẹ̀ ni a fi ń gbin nǹkan. Yanrìn ni èyí tí omi ti fọ̀ mọ́ tí kò sì lẹ̀ mọ́ra. Ẹrọ̀fọ̀ ni èyí tí ìdọ̀tí ti wọ̀ títí tí ó fi dúdú tí ó sì ń rùn. Ní èrò tiwa, bí yanrìn ṣe ń di ẹrọ̀fọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni àpótí mọ̀ ni ìdí ọ̀ràn yìí.

Bí àpótí iyùn ṣe ń kú

Iná mànàmáná lè lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí pọ́ǹpù dúró, kí àwọn ẹ̀dá inú omi sì mí ọ́síjìn ibẹ̀ tán. Ẹ̀rọ tí ń mú omi gbóná lè bàjẹ́ kí ó se wọ́n bí ẹní se ẹ̀fọ́. Ẹran omi ńlá kan lè kú sí ẹ̀yìn òkúta láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Ohun yòówù tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà kan náà ni ó sábà máa ń gbà parí: òkú ń jẹrà, ìjẹrà ń mú amóníà jáde, amóníà sì ń pa èyí tí ó kù. Nínú àpótí tí ara rẹ̀ dá, bakitéríà ń sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn mìíràn a sì sọ náítíráìtì di náítíréètì, tí oró rẹ̀ kò tó ti àwọn méjì ìṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ́síjìn ni àwọn bakitéríà wọ̀nyí fi ń ṣiṣẹ́. Bí ọ́síjìn bá tán, wọn a dáwọ́ dúró ní àkókò tí a nílò wọn jù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn ìṣeré ọlọ́rọ̀ lásán ni èyí. Púpọ̀ nínú àwọn ẹja inú àpótí wọ̀nyí ni a mú láti inú òkun, a kò bí wọn sínú ilé. Iyùn tí ń kọ́ òkìtì wà lára àwọn ẹ̀dá tí àdéhùn CITES, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Washington ní 1973, fi òfin ṣọ́ òwò wọn láàárín orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn. Ẹni tí ó bá tún àpótí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ tí kò dára, ó ń ránṣẹ́ pe òkú kejì.

Yanrìn àtijọ́

Lẹ́yìn tí a bá ti kó òkú dànù, ohun tí ó máa ń wá sí ọkàn ènìyàn ni pé kí ó da omi nù, kí ó rọ òmíràn sí i, kí ó sì fi yanrìn sílẹ̀ bí ó ti wà. Owó ni ó fi ra yanrìn náà, ó sì ti gbọ́ pé yanrìn tí ó ti pẹ́ kún fún bakitéríà tí ó wúlò. Òtítọ́ ni pé bakitéríà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n wà lára òkúta oníhò tí a fi ń mọ òkìtì inú àpótí pẹ̀lú, àwọn ti ara òkúta yìí nìkan sì tó láti bẹ̀rẹ̀. Kò yẹ kí a torí bakitéríà tọ́jú ẹrọ̀fọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí yanrìn náà gbé sínú. Ìyókù oúnjẹ àti ìgbẹ́ ẹja ti ń rì sínú rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí a bá rú u sókè, gbogbo rẹ̀ a dà sínú omi tuntun, amóníà a sì tún dé. Ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọ́síjìn kò dé, àwọn bakitéríà mìíràn wà tí ń fi sọ́fétì inú omi òkun ṣiṣẹ́ dípò ọ́síjìn. Gáàsì háídírójìn sọ́fáìdì, tí ń rùn bí ẹyin tí ó ti bàjẹ́, ni wọ́n ń mú jáde. Àwọ̀ dúdú tí a máa ń rí lára gíláàsì níbẹ̀, ìdàpọ̀ irin àti sọ́fọ̀ ni. Bí a kò bá fọwọ́ kàn án, ewu rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé ọ́síjìn tí ó wà lókè ń pa oró gáàsì náà bí ó ti ń yọ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹja sì wà nínú omi, ó lè pa wọ́n.

Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ kíyè sí ni fọ́sífétì. Inú oúnjẹ ẹja ni ó ti ń wá. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara yanrìn tí a fi kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì ṣe, bí a bá sì rọ omi tuntun tí kò ní fọ́sífétì lé e lórí, ó ń tú padà sínú omi náà. Ewéko omi aláwọ̀ ewé a fi í ṣe oúnjẹ, wọn a bo òkúta, bẹ́ẹ̀ ni bí ó bá pọ̀ jù, ó ń dí iyùn lọ́wọ́ láti kọ́ ilé rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi ọwọ́ tu ewéko yìí lójoojúmọ́ tí kò sì kó yanrìn náà kúrò, bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná ni ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Bàbà tún wà. Oògùn onibàbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo àrùn tí ń yọ tótòtó funfun sí ara ẹja. Ẹja lè gbà á mọ́ra bí a bá wọ̀n ọ́n dáadáa, ṣùgbọ́n iyùn, edé àti ìgbín òkun kò lè gbà á. Ó ń lẹ̀ mọ́ yanrìn àti òkúta, ó sì lè máa jáde fún ìgbà pípẹ́. Yanrìn tí oògùn yìí bá ti kàn, kí a dà á nù láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ní tiwa, yanrìn tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, tí kò tí ì pé ọdún kan, tí bàbà kò sì kàn rí, ni a lè fọ̀ kí a tún lò. Kí a fi omi fọ̀ ọ́ nínú garawa títí omi náà yóò fi mọ́ gaara. Bakitéríà inú rẹ̀ yóò kú, ìyẹn kò sì burú. Èyí tí ó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a dà á nù. Àwọn tí ń sin ẹja nínú adágún oníyẹ̀pẹ̀ ní ilẹ̀ wa mọ ọgbọ́n yìí: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ẹja tà, wọn a fa omi gbẹ, wọn a kó ẹrẹ̀ kúrò, wọn a jẹ́ kí oòrùn pa ìsàlẹ̀ adágún, wọn a sì fọ́n láìmù sí i kí wọ́n tó tún da ọmọ ẹja sí i.

Irú yanrìn tuntun

Yanrìn tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àpótí iyùn ni aragonite, tí í ṣe kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì, ohun kan náà tí iyùn fi ń kọ́lé. Láti erékùṣù Bahama ni púpọ̀ nínú èyí tí ó kúnná ti ń wá. Àwọn tí ń tà á máa ń sọ pé òun ni yóò máa tún omi ṣe fúnra rẹ̀. Àsọdùn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Aragonite kì í yọ́ bí pH omi bá wà ní 8 sí 8.3, bí ó ti yẹ kí ó wà. Ìgbà tí pH bá lọ sílẹ̀, bíi ní ìsàlẹ̀ yanrìn tí ó jìn, ni ó ń yọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sin iyùn olókùúta gbọ́dọ̀ máa fi kálísíọ́ọ̀mù kún omi rẹ̀ síbẹ̀.

Yanrìn kúọ́tìsì ńkọ́? Irú rẹ̀ ni ó pọ̀ jù ní etíkun Èkó. Kì í ṣe májèlé, kì í sì í yọ́ tó bí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀rù. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ohun tí ó lè fi ran omi lọ́wọ́ bí pH bá já wálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni yanrìn etíkun ìlú ńlá kì í ṣàìní èérí àti epo. Olùkọ́ lè fi ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì han àwọn ọmọ ní kíláàsì láìná owó: kí ó kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí ara ìkarahun tí a lọ̀, yóò hó, kí ó kán án sí yanrìn kúọ́tìsì, kò ní í hó, àfi bí àfọ́kù ìkarahun bá wà nínú rẹ̀.

Ní ti títóbi hóró, yanrìn tí ó kúnná bí ṣúgà máa ń fò sókè bí pọ́ǹpù bá lágbára, a sì bo iyùn lójú. Èyí tí hóró rẹ̀ ju mílímítà 3 lọ ní àlàfo tí oúnjẹ ń bọ́ sí tí ó sì ń jẹrà sí. Mílímítà 1 sí 2 ni ó bá ọ̀pọ̀ àpótí mu.

Jíjìn rẹ̀

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi ẹnu kò lórí èyí rí. Ní 1961, Lee Chin Eng láti Indonesia kọ̀wé nípa bí ó ṣe ń fi òkúta ààyè láti inú òkun àti atẹ́gùn tí ń hó nínú omi sin ẹja àti iyùn. Àwọn ará Berlin mú òkúta ààyè yìí, wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń fi ìfófòó kó ìdọ̀tí kún un, wọ́n sì dín yanrìn kù pátápátá. Ní Monaco ẹ̀wẹ̀, ní àwọn ọdún 1980, Jean Jaubert tẹ́ yanrìn tí ó jìn lé orí àwọ̀n, ó sì fi omi sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni Ronald Shimek ní Amẹ́ríkà ń gba àwọn ènìyàn níyànjú pé kí yanrìn kúnná kí ó sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí aràn àti àwọn ẹ̀dá kéékèèké máa tú u. Ohun tí wọ́n ń wá nínú jíjìn ni ibi tí ọ́síjìn kò dé, níbi tí bakitéríà ti ń sọ náítíréètì di gáàsì náítírójìn tí yóò fò lọ.

Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí àpótí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, a kò ní í gbà á nímọ̀ràn pé kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yanrìn jíjìn. Ó ń pẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́, a kò lè fọ̀ ọ́, bí iná bá sì tún lọ, òun náà yóò máa bá ẹja du ọ́síjìn. Sẹ̀ǹtímítà 3 tó. Fún àpótí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 120, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 45, yanrìn lítà 16 ni èyí, ìyẹn bíi kìló 24.

Ohun tí yóò gbé inú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó pinnu ìyókù. Iyùn Acropora fẹ́ omi tí ń ṣàn kíkankíkan. Gíláàsì lásán láìsí yanrìn bá a mu, a ó sì lè máa fa ìdọ̀tí kúrò pẹ̀lú rọ́bà. Ṣùgbọ́n irú ẹja wrasse kan wà tí ń ri ara rẹ̀ mọ́ yanrìn ní alẹ́ kí ó tó sùn. Ìwà ìkà ni kí a fi irú rẹ̀ sórí gíláàsì. Ẹja jawfish ní tirẹ̀ ń gbẹ́ ihò, ó sì fẹ́ yanrìn jíjìn tí òkúta wẹ́wẹ́ dà pọ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń tún àpótí bẹ̀rẹ̀ lè fi èyí sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Títẹ́ ẹ

Òkúta ni kí a kọ́kọ́ gbé lé orí gíláàsì, kí a tó da yanrìn yí i ká, kí ẹja tí ń walẹ̀ má baà wó òkìtì náà. Kí a tó gbé e wọlé, kí òkúta ọ̀hún ti wà nínú garawa omi oníyọ̀ tí pọ́ǹpù ń rú, nínú òkùnkùn, títí àyẹ̀wò yóò fi fi hàn pé amóníà ibẹ̀ ti di òdo. Èyí lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Bí a bá ti tẹ́ yanrìn tán, omi a dàbí ogi fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Lẹ́yìn náà, kí a máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i bí ẹni pé ẹja wà níbẹ̀, kí a sì máa wọn amóníà àti náítíráìtì. Bí méjèèjì bá wà ní òdo fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ìgbín òkun díẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ fi sí i, kí ẹja kékeré kan tẹ̀ lé wọn. Iyùn olókùúta ni a ń fi sí i kẹ́yìn.